Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àgbagbà Nínú Kíláàsì

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ṣàgámù lè gba márosẹ̀ lọ gbọnrangandan, kó má fojú kan Ìkẹ́nnẹ́ rárá. Èmi yà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló gbé mi dé ilẹ̀ Rẹ́mọ, ó sì máa ń ṣe mí bákan kí n bá ọ̀rọ̀ olùkọ́ dé agbègbè yẹn kí n má kí Ìkẹ́nnẹ́. Mo sọ̀ ní Ìperu, mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà náà bi mí bóyá Mayflower ni mò ń lọ tàbí ilé Awólọ́wọ̀. Mo ní méjèèjì. Ó ní kí n fi ọgọ́rùn-ún náírà méjì lé e.

Ìlú náà kò tóbi, ọ̀rọ̀ ìwé ló sọ ọ́ di ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909, ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà láti 1987. Òun ló ń darí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1956, Táì Ṣólàrín àti Sheila, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Ṣólàrín ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó wá síbẹ̀. Ó fẹ́ ilé ìwé tí ẹ̀sìn kankan ò ní jẹ gàba lé lórí, tí ọmọ yóò ti mọ oko ro bó ṣe mọ ìwé kà. Àwọn àgbà ìlú ṣì ń sọ̀rọ̀ ṣòkòtò kúńkúrú kakí rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú ní 1994, Sheila kò padà sí Ìlú Ọba. Ìkẹ́nnẹ́ ló gbé títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2012. Èmi, tí wọ́n bá ní kí n mú nínú àwọn méjèèjì, Sheila ni mo máa kọ ìwé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí rẹ̀ ni mo ṣe dé ibí yìí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe dúró síwájú géètì Mayflower, tí àwọn ọmọ ń rọ́ kọjá, ni pé nínú gbogbo ariwo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọjọ́sí, ta ló rántí ọmọ tí kò gbọ́ràn? Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ gbé síléètì lọ sí ilé ìwé ní 1955, ilé ló wà. Ó ń ṣọ́ ẹ̀fọ́ tí wọ́n sá sóòrùn, ó ń lé adìyẹ. Kì í ṣe pé ìjọba kórìíra rẹ̀. Wọn ò kà á mọ́ àwọn tó ń lọ sílé ìwé ni. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú ló kọ́kọ́ gba ẹrù àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rù. Ní Èkó, ilé ìwé Wesley fún àwọn adití ti wà kí òmìnira tó dé. Ní ti Ìbàdàn, ó di 1960 kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà, Andrew Foster, tó dá ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn.

Adití ni Foster fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àrùn yírùnyírùn gba etí rẹ̀ ní Alabama. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ọdún 1957 ló dé Accra, ó dá ilé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì rìn káàkiri Áfíríkà títí ilé ìwé tó dá sílẹ̀ fi lé ní ọgbọ̀n ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá. Bàálù tó wọ̀ já ní Rwanda ní oṣù Kejìlá 1987, ibẹ̀ ló sì kú sí. Nígbà ayé rẹ̀, Ìbàdàn ló ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń wá láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ìdí nìyẹn tí ọmọ adití tó o bá pàdé ní Ṣàgámù lónìí fi ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo pe álífábẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ní Ìlú Ọba tó ṣàkóso wa, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń pè é.

Láti Ìkẹ́nnẹ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ di Ṣàgámù ní 1872, bí o bá sì jókòó ti àgbàlagbà kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò jẹ́ kó o mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ni tirẹ̀, bóyá Màkún ni o, bóyá Ọ̀fìn ni. Obì ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀. Àwọn Haúsá tó ń kó o lọ sókè Ọya ló tẹ Sábó dó, àpò obì ṣì ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ dòní. Ọmọ olóbì ni olùkọ́ tí mo torí rẹ̀ wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ ariwo. Àǹtí ni gbogbo ayé ń pè é, àwọn tó jù ú lọ náà kò pè é ní nǹkan mìíràn. Àwọn adití ní orúkọ tí wọ́n fi ọwọ́ pè é: wọ́n á fi àtàńpàkò ta ìka méjì síwájú, kíá, bí ìgbà tí èèyàn ń ta nǹkan nù. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló túmọ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìsìn ìrántí ọdún kan tí Àǹtí kú ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wọ́n to àga àwọn adití sí iwájú lápá òsì níbi tí wọ́n ti lè rí ògbufọ̀ dáadáa, mo sì jókòó sẹ́yìn wọn. Nígbà tí akọrin gbé orin, tí ìlù bẹ̀rẹ̀, mo rí arákùnrin kan tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀, tó ń mi orí. Igi àga náà ló ń gba ìlù, tó ń gbé e fún un. Ó bá ìlù náà mu ju èmi tí mo ń fi etí gbọ́ ọ lọ.

Àkọ́bí Àǹtí ló sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ dé, tí kíláàsì kún dé ẹnu ọ̀nà, olùkọ́ oníwèé ẹ̀rí Grade II ni ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ nílé ìwé náà. Wọ́n ní alágídí ni, wọ́n á pè é kò ní dáhùn. Àǹtí náà nà án, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Lọ́jọ́ kan, páànù ńlá kan jábọ́ lórí òrùlé, gbogbo kíláàsì ta gìrì, ọmọ yìí nìkan ló ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Èéyi ló ti mú etí rẹ̀ lọ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè kiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ kíkọ́ adití, nígbà tó sì yá, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 fún kíkọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn àkàndá. Ó fi ọkọ àti ọmọ sílé lọ síbẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní kí ló fẹ́ fi ìwé adití ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníkálukú ń dìde sọ̀rọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ kan tó ń yí lẹ́nu gbogbo wọn: sùúrù. Pásítọ̀ ní sùúrù Jóòbù ni Àǹtí ní. Alága ìjọba ìbílẹ̀ rán aṣojú, aṣojú ní sùúrù. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní èrè sùúrù kì í sọnù. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ara mi ti ń gbóná. Bí dókítà bá la ojú tó fọ́, tó sì ríran, ta ni í dìde nínú ìsìn láti yìn ín pé ó ní sùúrù? Ìmọ̀ rẹ̀ la ó yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tó sọ ọ́ di ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, sùúrù la rí níbẹ̀. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ ṣiṣẹ́, ó yẹ ká sanwó ìmọ̀ fún un, ká sì kọ́ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi sùúrù ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ni yóò san án fún un.

Ẹni tó wá gbà mí lọ́wọ́ ìbínú ni télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà Fáláwọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ìwé Àǹtí àkọ́kọ́ ni. Ó jáde síwájú, ó kọjú sí ìjọ, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ obìnrin kan sì ń fi ẹnu gbé e.

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lòun nígbà tí wọ́n mú òun wá. Òun ò lórúkọ. Ìyẹn ni pé orúkọ òun wà lẹ́nu àwọn ará ilé, àmọ́ òun ò mọ̀ pé òun ní in. Òun mọ ohun tó bá wà níwájú òun. Ohun tí kò bá sí níwájú òun, kò sí bí òun ṣe lè béèrè rẹ̀. Bí ìyá òun bá gbé igbá lọ sọ́jà, òun á sunkún títí yóò fi dé, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ fún òun pé ó ń bọ̀, àní kò sẹ́ni tó lè jẹ́ kí òun mọ ohun tí "ń bọ̀" jẹ́.

Àǹtí wá gbé odidi ẹ̀ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù kan wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, ó so ó kọ́ irin fèrèsé. Ó ní kí oníkálukú ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe rí. Ó ta okùn láti igun yàrá dé igun kejì, ó fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há àwòrán ọjọ́ náà mọ́ ọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n tún yà á. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àwòrán náà ń pọ́n tẹ̀ lé e lórí okùn. Ó dé àyè kan, àmì dúdú yọ lára rẹ̀. Àǹtí gbé sítóòfù wá, ó dín gbogbo rẹ̀, wọ́n jẹ dòdò. Ìjọ rẹ́rìn-ín, télọ̀ rí ẹ̀rín wọn, ó dúró díẹ̀ kí wọ́n rín in tán.

Ó ní lọ́jọ́ kejì tí àwọn wọlé, irin fèrèsé wà lófìfo. Àǹtí tọ́ka sí i. Ó wá lọ sídìí okùn, ó ń tọ àwòrán padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, dòdò, èyí tó pọ́n, èyí tó ń pọ́n bọ̀, títí dé tútù, ó sì ń ju ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Télọ̀ náà ju ọwọ́ tirẹ̀ kọjá èjìká báyìí, ó sì dúró wò wá. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé àná wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí tún so òmíràn kọ́, tútù bíi ti àkọ́kọ́, ó fi tákàdá òfìfo há okùn, ó sì ní kí wọ́n ya bí yóò ṣe rí kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀la nìyẹn. Nígbà tí ìyá òun gbé igbá ọjà lẹ́yìn ìyẹn, òun na ọwọ́ síwájú, òun sì gbé ọwọ́ sẹ́nu bí ẹni tó ń jẹun, láti fi bi í bóyá yóò dé kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Ìyá òun ò mọ ohun tí òun ń wí. Òun ṣáà mọ̀ pé òun ò sunkún.

Mo wo àwọn tó ti yin sùúrù. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn adití gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń jù ú bí ewé nínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, oúnjẹ wà. Wọ́n gbé ẹ̀bìrìpò wá nínú ewé rẹ̀, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ tó kún fún ẹja gbígbẹ. Ará Ìjẹ̀bú-Òde kan tó jókòó lọ́dọ̀ wa ní àwọn ló ni ìkọ́kọrẹ́, ọmọ Rẹ́mọ kan ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo jẹ ti Rẹ́mọ náà, mo sì dákẹ́. Olùkọ́ àgbà kan tó ti bá Àǹtí ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló jókòó tì mí. Mo bi í nípa àwọn tó gbà pé ẹnu ló yẹ kí adití máa wò, kì í ṣe ọwọ́. Láti ìgbà àpérò kan tí wọ́n ṣe ní Milan ní 1880 ni wọ́n ti ń lé èdè ọwọ́ kúrò ní kíláàsì ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, ìyà rẹ̀ sì jẹ ọmọ púpọ̀. Ó fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ wo ẹnu mi, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó la ẹnu, kò mú ohùn jáde. "Kí ni mo sọ?"

Mo ní bàbá ni.

"Màmá ni mo sọ."

Ó tún ṣe é. Lóòótọ́, ètè kì í sọ ìyàtọ̀ wọn. Ó ní kí n wá ro ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tiwa: igbá, igba, ìgbà. Inú ọ̀fun ni ohùn ń gbé, ojú ò lè rí i. Ọmọ òyìnbó tó ń wo ẹnu ń fo ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ Yorùbá tó ń wo ẹnu ń fo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní Àǹtí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣì ní ìwọ̀nba ìgbọ́ràn, Àǹtí á gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀fun ara rẹ̀, á mú tákàdá pẹlẹbẹ síwájú ètè kí ọmọ rí i bí èémí ṣe ń mì ín. Èyí tí kò bá gbọ́ rárá, ọwọ́ ni. Ó máa ń to àga kíláàsì bí ààbọ̀ òṣùpá kí wọ́n lè máa rí ara wọn, kì í sì í kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé láé, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn olùkọ́, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ á ṣókùnkùn mọ́ wọn lójú. Ta ló ti ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí nínú àwa tó ń gbọ́?

Ohun kan wà tí kò dùn mọ́ olùkọ́ náà nínú, kò sì dùn mọ́ èmi náà. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìwé fi ń kọ́ wọn ní ìwé. Ọmọ á mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ìyá rẹ̀ ní ilé kò mọ̀ ju Yorùbá lọ, àwọn mìíràn ò sì mọ̀wé rárá. Ọmọ tó gboyè jáde á sì padà sílé wá máa fi ọwọ́ júwe omi fún ìyá rẹ̀. Télọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí a jọ ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù ara wa. Ó ní fóònù oní fídíò ti yọ àwọn adití nínú ìdákẹ́jẹ́, wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti Ṣàgámù dé Sókótó, àmọ́ ìyá òun kú láì sọ ju ogún ọ̀rọ̀ lọ fún òun.

Obìnrin kan wá bá wa níbi tí a jókòó sí, ó gbé ọmọ kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́. Ìṣarà ló ti wá. Ó ti gbọ́ pé olùkọ́ adití kan wà ní Ṣàgámù tó máa ń wo ọmọ ní ilé rẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé olùkọ́ náà ti kú. Ó ní ọmọ náà gbọ́ràn dáadáa o, orí kunkun ló ń dà á láàmú. Télọ̀ wo ọmọ, ó wò mí, ó tọ́ka sí àwo àti ṣíbí irin tó wà níwájú mi, ó ṣẹ́jú. Mo mú ṣíbí, mo fi lu àwo lẹ́yìn ọmọ náà gidigidi. Gbogbo tábìlì yíjú. Ọmọ náà ń wo òkìtì ìgò tó wà níwájú rẹ̀.

Olùkọ́ àgbà náà kò bá ìyá yìí sunkún. Ó ní kó mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ònàbáńjọ tó wà nínú Ṣàgámù níbí, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ó ní kó má dúró di ọmọ ọdún méje, torí ọmọ tí kò bá ní èdè kankan ní kékeré, ìwọ̀nba ló kù tí olùkọ́ lè rí ṣe. Ó tún ní kó sọ fún dókítà bóyá wọ́n ti gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ nígbà tó ṣàìsàn, torí àwọn oògùn kan wà tó ń ba etí jẹ́, kó sì sọ nípa èéyi àti ibà pọ́njú bó bá ti ṣe é rí. Ìyá náà ní kí wọ́n bá òun kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Télọ̀ yọ bíró. Nígbà tí ìyá náà béèrè pé ta ni yóò wá kọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tètè dáhùn. Òfin ti wà o. Ààrẹ fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2019 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ àkàndá sílẹ̀ níbi ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í to àga bí ààbọ̀ òṣùpá.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo kúrò. Tírélà dí ọ̀nà pa ní Ògèrè bí wọ́n ṣe máa ń dí i, dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀ lọ ra gúgúrú. Ìgbà náà ni fóònù mi mì. Télọ̀ ni. Ó ti gbọ́ pé mo fẹ́ kọ nǹkan nípa Àǹtí, ó sì fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe kó tó di ohun títẹ̀. Ó ní kí n má kọ ọ́ pé Àǹtí ní sùúrù. Ó ní kò ní sùúrù rárá. Bí ọmọ bá gbójú kúrò lára pátákó, a kì í pe adití lórúkọ, ṣọ́ọ̀kì ni Àǹtí ń ta lù ú, láti ibi tó bá dúró sí, kò sì tàsé rí ní gbogbo ọdún tí òun fi wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó ní orúkọ tí àwọn fi ọwọ́ pè é tí mo ń béèrè láàárọ̀ nìyẹn. Òun ò lè sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.